Ìbéèrè: Níbo ni àwọn tí wọ́n há mọ́ Manzanar ti rí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi kọ́ ọgbà?

Olókùúta_LA

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ ọgbà ni mò ń ṣe ní Los Angeles níbí, ọdún kọkànlá rèé. Onílé tó bá fẹ́ òkúta, tó fẹ́ kí omi máa sun níwájú ilé, tó fẹ́ adágún tí ẹja pupa á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀, èmi ló ń pè. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ojú oníṣẹ́ ni mo fi wo nǹkan tí mo fẹ́ béèrè yìí.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo gba títì 395 lọ sókè, ó tó wákàtí mẹ́rin lórí ìrìn, mo dé Manzanar. Ẹni tí ò bá mọ ibẹ̀: ọ̀kan ni nínú àgọ́ mẹ́wàá tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ẹ̀yà Jàpáánì sí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ rẹ̀ lọ́jọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942. Èèyàn bíi 120,000 ni wọ́n kó kúrò nílé, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí síbẹ̀. Wọn ò jalè, wọn ò pànìyàn. Ojú tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn ló kó bá wọn.

Ilé pákó tí wọ́n gbé kò sí mọ́, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n tún kọ́ kí àlejò lè rí i. Iyanrìn ló kù, igbó gbígbẹ, àti òkè Sierra Nevada tó dúró gbagidi lápá ìwọ̀-oòrùn. Mò ń rìn lọ ní tèmi, mo dé Búlọ́ọ̀kù 34, ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ ilé pákó tí wọ́n pín àgọ́ náà sí, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Adágún ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ó ti gbẹ táútáú, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe to òkúta! Ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kò kàn gbé òkúta kalẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù; ó rì í, ó jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ dáadáa, kó lè dà bíi pé ibẹ̀ ló hù sí. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ ra etí sìmẹ́ńtì náà. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n sanwó gọbọi fún tí kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ròyìn fún ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Tí wọ́n bá ráyè kọ́ adágún ẹja, a jẹ́ pé ìyà ọ̀hún ò tó bí wọ́n ṣe ń ròyìn ẹ̀." Mi ò rí èsì fún un, ọ̀rọ̀ náà sì há mi lọ́fun títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lóye. Ẹni tí sójà ń ṣọ́, ta ló ń fún un ní sìmẹ́ńtì? Òkúta tó tó màlúù tó dùbúlẹ̀, báwo ló ṣe gba inú wáyà ẹlẹ́gùn-ún wọlé? Àbí ìjọba ló ní kí wọ́n kọ́ ọ?

Ìyá Wúrà

Ẹ kú ìrìn, oníṣẹ́ ọwọ́. Mo ti bá àwọn awalẹ̀pìtàn wú ilẹ̀ ní Manzanar rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, a ò gba kọ́bọ̀. Ṣọ́bìrì lẹ ó kọ́kọ́ mú. Ẹ ó kó iyanrìn títí ẹ̀yìn yín á fẹ́ẹ̀ dá. Tó bá wá ku bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ yín, wọ́n á fún yín ní búrọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ kẹrin, búrọ́ọ̀ṣì mi kan nǹkan tó le. Mo gbá a, mo gbá a, ni etí adágún bá yọ. Ó ń rìn kọ́lọkọ̀lọ bí etí odò, kò sí ibi kan tó gún nínú ẹ̀. Ẹni tó ń darí wa ní kí n ta omi díẹ̀ sí i. Bó ṣe tutù báyìí, àwọ̀ òkúta jáde: òmíràn pupa rúsúrúsú, òmíràn dà bí eérú, òmíràn dúdú tó ń dán. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìjì ló bò ó. Nígbà tí wọ́n ti àgọ́ náà pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 1945, dọ́là 25 àti tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ni wọ́n fi lé àwọn èèyàn lọ. Wọ́n tú ilé pákó tà. Ta ló máa dúró bomi rin òdòdó? Eruku tó ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́jọ́ gbogbo náà ló wá sin ọgbà wọn. Ohun tó sì jẹ́ ká rí i wú nìyẹn.

Ní ti sìmẹ́ńtì, ẹ fi Búlọ́ọ̀kù 34 sílẹ̀ ná, ẹ lọ wo 22. Ẹ rántí pé èèyàn bí 10,000 ló wà nínú àgọ́ yẹn. Búlọ́ọ̀kù 36, ilé pákó 14 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé oúnjẹ kan fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tọmọdé tàgbà á to ìlà síta, nínú oòrùn tàbí nínú ìjì, kí wọ́n tó rí oúnjẹ bù. Ọkùnrin kan wà nínú ilé ìdáná 22, Harry Ueno lorúkọ ẹ̀. Ó wo àwọn àgbàlagbà tó ń dúró lórí ìlà, ó ní ó yẹ kí wọ́n rí nǹkan wò. Òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá lọ bẹ̀bẹ̀ fún sìmẹ́ńtì. Ọ́fíìsì kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n gba àpò mẹ́ta, ó parí.

Wọ́n mú ìwé dé ibi tí wọ́n kó sìmẹ́ńtì sí, wọ́n gba àpò mẹ́ta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún mú ìwé kan náà lọ, àpò mẹ́ta. Wọ́n tún lọ. Wọ́n tún lọ. Adágún Àpò Mẹ́ta ni wọ́n ń pè é di òní, ẹni tó bá mọ ìtàn ẹ̀ á sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu.

Nítorí náà, kì í ṣe ìjọba ló ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ẹ wá bi ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yẹn léèrè bóyá òun náà máa ń to ìlà lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kóun tó jẹun.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé Nishi. Kuichiro Nishi, olùgbìn rósì ni kí ogun tó dé. Ó rí i pé rósì igbó ń hù ní àfonífojì yẹn, igi líle tí ò bẹ̀rù òtútù. Ó gé ojú ẹ̀ka rósì olóòórùn dídùn, ó la èèpo rósì igbó, ó fi ojú yẹn sí i, ó dì í pa. Gbòǹgbò igbó, òdòdó ilé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1943, ó ti di ọgbà ńlá tó ní adágún, omi tó ń já látorí òkúta, afárá, àti ilé kékeré tí èèyàn lè jókòó sí mu tíì. Orúkọ ọ̀gá àgọ́, Merritt, ni wọ́n wá fi pè é. Orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, orúkọ ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú ló lọ sórí ẹ̀.

Bàbá Onítàn

Ìyá Wúrà ti ṣe é dáadáa, àmọ́ ó fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣé ẹ ò bi ara yín pé kí ló dé tí oníṣẹ́ ọgbà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn? Òfin ni. Àwọn tí wọ́n bí sí Jàpáánì kò lè di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà nígbà yẹn, bó ti wù kí wọ́n pẹ́ níbẹ̀ tó. Lọ́dún 1913, California tún ṣòfin pé ẹni tí kò lè di ọmọ ìlú kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó ní ilẹ̀, kí ni yóò ṣe? Yóò máa tún ilẹ̀ onílẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn ló fi iwájú ilé àwọn olówó Los Angeles kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n kó wọn dé aginjù, ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ tipẹ́. Ilẹ̀ tí wọ́n wá tún ṣe yẹn náà, ti ìjọba ìlú Los Angeles ni, tó ti ra ilẹ̀ àfonífojì yẹn nítorí omi tó wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè ọ̀ràn òkúta. Tí ẹ bá gba ìwé àṣẹ, ẹ lè bá ọkọ̀ akẹ́rù jáde lọ sí ẹsẹ̀ òkè, kẹ́ ẹ fi igi àti okùn yí òkúta sínú ẹ̀. Ìyẹn nígbà tí nǹkan rọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1942, sójà yìnbọn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́bàá ààlà àgọ́ náà. Àjákù pákó lòun ń ṣà, ohun tó sọ nìyẹn. Ó yè é, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ nìyí: dọ́là 12, dọ́là 16, tàbí dọ́là 19 fún dókítà àti irú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà, dọ́là 19 lóṣù.

Ohun tó ń dùn mí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun ló dá a rò. Ìjọba fẹ́ràn fọ́tò ọgbà wọ̀nyẹn. Dorothea Lange ya Manzanar lọ́dún 1942, àwọn ológun gba fọ́tò ẹ̀, wọ́n tọ́jú wọn síkọ̀kọ̀ títí ogun fi parí. Ansel Adams dé lọ́dún 1943, ó ya omi, ó ya òkúta, ó ya òkè. Ó dára láwòrán, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìjọba ò fẹ́ kí wáyà ẹlẹ́gùn-ún àti ilé gogoro tí sójà ti ń ṣọ́ wọn hàn nínú fọ́tò. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó jókòó sílé ẹ̀, tó ń wo adágún àti afárá nínú ìwé ìròyìn. Kí ni ẹ fẹ́ kó rò?

Ẹ má sì jẹ́ ká sọ gbogbo wọn di ẹni mímọ́ onísùúrù. Níbi tí wọ́n ti ń gba omi àgọ́ sílẹ̀, ẹnì kan fi ìka kọ ọ́ sára sìmẹ́ńtì tútù, lédè Jàpáánì, pé kí wọ́n run Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣì wà níbẹ̀. Inú àgọ́ kan náà ni adágún wà, inú ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn wà.

Àdùkẹ́_pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́

Ẹ gbọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù mí ni. Èdè wa ò yà wọ́n sọ́tọ̀. Wáyà tó yí wọn ká, ọgbà ni. Ohun tí wọ́n gbìn sínú ẹ̀, ọgbà náà ni.

Tòkunbọ̀_Denver

Ní apá ọ̀dọ̀ wa ní Colorado, Amache ni tiwa, òun ló kéré jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, èèyàn 7,000 àti díẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn Yunifásítì Denver ti ń wú ibẹ̀ láti 2008, Bonnie Clark ló ń ṣáájú wọn. Ẹ ò ní í rí adágún ńláńlá bíi ti Manzanar. Iwájú ilé lásán ni, àyè tí kò ju ibi tí ọkọ̀ kan lè dúró sí lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n yẹ erùpẹ̀ ẹ̀ wò, ẹ mọ ohun tí wọ́n bá? Èèpo ẹyin. Wọ́n kó o láti ilé oúnjẹ, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n dà á mọ́ iyanrìn kó lè di ilẹ̀ tó ń mú nǹkan jáde. Mo lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún àlejò. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sí mi, nǹkan funfun tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó wà ní àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Mo ní kí n fọwọ́ kàn án, ó yára fà á sẹ́yìn. Ó láyọ̀ lórí ẹ̀ bí ẹni rí góòlù.

Igi tí wọ́n gbìn sójú ọ̀nà láti fi dá afẹ́fẹ́ dúró ṣì wà, òmíràn ti kú lórí ìdúró. Ilé ti lọ, ìlà igi ló máa sọ ibi tí ilé wà fún yín.

Kẹ́mi_Ọmọ_Aláró

Mo ti gbọ́ pé èyí tó lẹ́wà jù lọ wà ní Cowra ní Ọsirélíà. Ṣé òun náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló kọ́ ọ?

Bàbá Onítàn

Rárá o, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń pa wọ́n pọ̀. Cowra, ọmọ ogun Jàpáánì tí wọ́n mú lójú ogun ni wọ́n há mọ́ ibẹ̀, kì í ṣe ará ìlú. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1944, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wọn tó rọ́ lu wáyà láti sá lọ. 231 nínú wọn ló kú. Ọgbà tí ẹ̀ ń gbọ́ nípa ẹ̀, ọdún 1979 ni wọ́n ṣí i, Ken Nakajima ló yàwòrán ẹ̀. Ọgbà ìrántí ni. Ìtàn tiẹ̀ yàtọ̀.

Ayọ̀_Seattle

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi Kubota kún un, torí ẹ̀yin tó béèrè jẹ́ oníṣẹ́, ẹ ó gbádùn ẹ̀.

Fujitaro Kubota kò kọ́ iṣẹ́ ọgbà níléèwé kankan. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1907, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ọgbà ní Seattle ní 1923. Ní 1927 ó rí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ kan tí ẹlòmíì ò fẹ́, éékà márùn-ún. Òfin ò gbà kó rà á, torí náà orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Ó sọ ẹrọ̀fọ̀ yẹn di ọgbà. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, wọ́n kó òun àti ìyàwó àtàwọn ọmọ lọ sí àgọ́ Minidoka ní Idaho.

Minidoka, òkúta dúdú ló kún ibẹ̀, irú èyí tí iná inú ilẹ̀ pọ̀ jáde láyé àtijọ́. Ó wúwo, ó ní ihò lára, kò dán. Kubota ò wá òmíràn. Òun ló fi ṣe ọgbà tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, lẹ́bàá ilé àwọn ẹ̀ṣọ́. Ìdí pákó ńlá kan ni ọgbà náà wà, orúkọ àwọn ọmọ àgọ́ yẹn tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló wà lára pákó ọ̀hún. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì tí kò bá yé yín: bàbá wà nínú wáyà, ọmọ ń bá Amẹ́ríkà jagun, bàbá ń to òkúta sí ìdí orúkọ ọmọ.

Nígbà tó padà sí Seattle, igbó ti gba ọgbà tirẹ̀. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìlú Seattle ló ni ibẹ̀ báyìí, láti 1987, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Òkúta ibẹ̀ náà, rírì ni wọ́n rì í bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Ẹ ò ní í rí èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ bí àlejò.

Olókùúta_LA

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ ò ní í rí ibi. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Onítàn, ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn gún mi, torí èmi náà, adágún nìkan ni mo yà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo wo fóònù mi, kò sí wáyà kankan nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé gogoro kan tí wọ́n tún kọ́ wà lẹ́bàá títì, mo sì wakọ̀ kọjá níwájú ẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àpò mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìṣirò oníṣẹ́ fún yín. Àpò sìmẹ́ńtì Amẹ́ríkà kan, pọ́n-ùn 94 ni. Tí ẹ bá pò ó mọ́ iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ bó ṣe yẹ, ó máa fún yín ní kọ́ńkéré bíi kúbíìkì fíìtì mẹ́rin. Àpò mẹ́ta, méjìlá. Tí ẹ bá tẹ́ ẹ ní íǹṣì mẹ́rin, kó má baà sán nígbà òtútù, ilẹ̀ tó máa bò kò ju ibi tí bẹ́ẹ̀dì ńlá kan á gbà lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo! Wọn ò tíì kan etí ẹ̀, wọn ò tíì kan ojú omi, wọn ò tíì kan ibi tí wọ́n lẹ òkúta mọ́. Mo ti rí fọ́tò Búlọ́ọ̀kù 22 yẹn báyìí. Ẹni tó bá ti po kọ́ńkéré rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ̀, tó kọjá níbẹ̀, ó yẹ kó mọ̀ pé irọ́ ni mẹ́ta. Bóyá ẹ̀ṣọ́ kan mọ̀ tó dákẹ́. Bóyá kò sẹ́ni tó wò ó.

Mo kọ ìṣirò náà sẹ́yìn rìsíìtì, mo fi han ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Òun náà ń po kọ́ńkéré, kò ṣòro fún un. Ó kà á, ó tún un kà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé wọn ò wá mú ọkùnrin yẹn ni?"

Ìyá Wúrà

Wọ́n mú un, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí sìmẹ́ńtì. Ṣúgà ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lé. Ueno ka ṣúgà tó yẹ kó dé ilé oúnjẹ, ó ka èyí tó dé, kò pé. Ó sọ ọ́ síta pé àwọn ọ̀gá àgọ́ ń jí oúnjẹ àwọn èèyàn tà, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìdáná jọ di ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1942, wọ́n ní òun wà lára àwọn tó lu ẹnì kan, wọ́n gbé e. Lọ́jọ́ kejì èrò rọ́ jáde pé kí wọ́n dá a padà. Sójà yìnbọn sí àárín wọn, ọ̀dọ́ méjì kú.

Wọ́n gbé Ueno láti ibì kan dé ibì kan, Moab ní Utah, Leupp ní Arizona, ó parí sí Tule Lake. Wọn ò gbé e dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn tí wọ́n mú un yẹn, ìlà oúnjẹ Búlọ́ọ̀kù 22 ṣì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún náà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́.

Tí ẹ bá máa tún lọ, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ mú fìlà tó ní okùn dání, ìjì ibẹ̀ ò mọ àgbà.